Ohun tí Kò Dá Rodiyat Lójú

Orí àkàbà ni Bùràímọ̀ wà nígbà tí Rodiyat kọ́kọ́ rí i, tó ń kun ewúrẹ́ aláwọ̀ búlúù sára ògiri ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbà. Ọ̀dà ti ta sí i nírùngbọ̀n, ó sì ń bá ewúrẹ́ náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé ó máa dá a lóhùn.

Ẹ̀rọ invátà, tó ń tọ́jú iná sínú bátìrì, ni Rodiyat wá tò síbẹ̀. Ọjà Àlàbá ni ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ wà, ohun tí kò bá ṣeé fi mítà wọ̀n kì í sì í tètè wọ̀ ọ́ létí. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé níbo ló ti rí ewúrẹ́ búlúù.

"Mi ò rí i rí," ni Bùràímọ̀ wí. "Òun ni mo ṣe ń kùn ún."

Rodiyat rẹ́rìn-ín, inú sì tún bí i pé òun rẹ́rìn-ín.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Bùràímọ̀ a jókòó tì í láàárín àwọn bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, a máa ròyìn ilé tí wọn yóò kọ́, tí igi máa gba àárín pálọ̀ rẹ̀ jáde. Rodiyat a ní tójò bá dé ńkọ́?

"Ìyẹn lo ṣe wà níbẹ̀, àyànfẹ́ mi."

Àdìjá, ìyá Rodiyat tó ń gbé ní Ojo, kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó ń fi kíkun ògiri ilé-ìwé jẹun, bí ilé-ìwé bá gba ọlidé, kí ni yóò máa ṣe. Rodiyat lọ bá Bùràímọ̀. Ó ní kó wá iṣẹ́ tó dúró. Ìyẹn ò jiyàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá oníṣọ́ọ̀bù kan ta fáànù ní Àlàbá.

Inú Àdìjá dùn. Ṣùgbọ́n bí Rodiyat bá ti dárúkọ ilé tí wọn yóò kọ́ báyìí, Bùràímọ̀ a ní yàrá méjì ló bọ́gbọ́n mu. Irú ọ̀rọ̀ Rodiyat gan-an ni, àmọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Bùràímọ̀, ọkàn rẹ̀ dàrú. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ ohun tó béèrè, kí ló tún ń wá? Lọ́jọ́ kan, ìrònú mú kó wọkọ̀ kọjá ilé, Okokomaiko ló ti bá ara rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó yẹ kóun bínú sí.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí Bùràímọ̀ máa ta fáànù mọ́. Àdìjá béèrè ìdí.

"Mi ò ní ìdí tí mo lè kà sílẹ̀ fún yín, Màmá. Ẹni tí mo fẹ́ràn kọ́ ló ń wá bá mi mọ́."

 Àdìjá ní ṣé kò wá lè máa tà á ní ọlidé nìkan ni?

Rodiyat gba ṣọ́ọ̀bù fáànù lọ. Ó sọ fún Bùràímọ̀ pé kó padà sídìí ọ̀dà, kó máa ta fáànù bí ilé-ìwé bá gba ọlidé, òun ni yóò sì máa bá àwọn onílé-ìwé ná iye iṣẹ́ rẹ̀, torí ojú máa ń ti Bùràímọ̀ láti béèrè owó.

Bùràímọ̀ gbé fáànù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé ó wá dá ọ lójú pé èmi lo fẹ́?"

Rodiyat rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rò ó já.

"Kò tíì dá mi lójú," ó ní. "Ṣáà jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ mi."