Ẹlẹ́rìí Kejì Lórí Ìwé Lindsay Kroehn

Oṣù kẹfà ni, ìgbà òtútù wa níhìn-ín ní gúúsù ayé, tí ọsàn ti pọ́n tí òdòdó kankan kò sì sí lórí igi, ni òórùn òdòdó ọsàn gba gbogbo ilé ìdáná mi. Mo ṣí fèrèsé, mo wo oko títí dé etí odò Murray. Èso nìkan ni mo rí. Nígbà tí mo yíjú padà, obìnrin kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ajá wa àgbà, tí kì í gba àlejò láyè, ti nà gbalaja sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "ṣé Lindsay ti jí?"

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí. Ta ló ń pè mí ní ìyàwó? Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù, mo sì rò pé ọ́fíìsì oníṣirò wa ní Renmark ló rán an wá, nítorí àsìkò ìwé owó orí ti dé.

Ọdún kẹfà rèé tí èmi Glenys fẹ́ Lindsay Kroehn. Verna, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ti kú fún ọdún márùn-ún kí n tó dé. N kò rí àwòrán rẹ̀ rí, torí pé Dean, ọmọkùnrin wọn, kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Oko ọsàn wà lábẹ́ ìwé ohun-ìní ẹbí. Dean ni yóò jogún rẹ̀, ìyẹn ò sì dùn mí. Àpò owó ìfẹ̀yìntì wa, tí Lindsay àti Dean jọ ń bójú tó fúnra wọn, ni Lindsay ní yóò máa bọ́ mi tí òun bá lọ. Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ìwé.

Obìnrin náà jókòó láìjẹ́ pé mo fún un ní àga.

"Orúkọ Verna ló ṣì wà lórí ìwé ẹni tí yóò gba owó yẹn. Òkú kì í gba owó. Tí Lindsay bá kú, Dean nìkan ni alábòójútó tó kù. Ibi tó bá wù ú ló lè darí rẹ̀ sí."

"Dean ò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

"Tí àyè bá gbà á, yóò ṣe é, kò sì ní gbádùn ara rẹ̀ títí yóò fi kú. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe wá, ìyàwó, kì í ṣe nítorí tìẹ. Ìwé òfìfo kan, irú èyí tí wọ́n fi ń yan ẹni tí yóò gba owó náà, wà nísàlẹ̀ àpótí ìránṣọ. Òní ni kẹ́ ẹ ṣe é."

Mo tú àpótí náà. Lábẹ́ àwọn aṣọ tí wọ́n gé tí wọn ò rán, ìwé náà wà níbẹ̀.

Ọpọlọ Lindsay pé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí ju òjìji lọ mọ́. Mo kọ orúkọ mi sínú ìwé náà, mo sì kà á fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó mi orí pé ó dára. "Ó yẹ kí orúkọ ẹ ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo kàn ń gbàgbé ni."

Òfin ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà. Mo ké sí Kosta, aládùúgbò wa, tó ń wa katakata rẹ̀ kọjá.

"Lindsay! Ṣé o ti fẹ́ ta oko fún mi ni?"

"Bu ọwọ́ lùwé kó o panu ẹ mọ́, Gíríìkì."

A rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wá láti ẹ̀yìn àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ Lindsay mú, ó sì gbé ẹnu kálàmù náà lé orí ìlà. Ẹ̀rín Lindsay dá. Ó bu ọwọ́ lù ú. Kosta ṣe tirẹ̀, ó sáré padà sídìí katakata tí kò pa. Obìnrin náà gba kálàmù, ó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.

"Ọwọ́ yẹn tutù o," Lindsay sọ jẹ́jẹ́. "Ta ni?"

Mo yíjú láti béèrè orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lindsay kò béèrè mọ́. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ kan pa èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ló kú lórí àga yẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dean wá. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi jù, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Àǹtí Glenys, ẹ má bínú. Orúkọ màmá mi ló wà lórí ìwé, ìpinnu ti dọwọ́ mi. Mo lè fún yín ní díẹ̀."

"Ìwé tuntun wà, Dean."

Ó gbà á, ó ń kà á bí ẹni tó ń wá àṣìṣe. Ìka rẹ̀ dúró sórí ẹlẹ́rìí kejì.

"Ta ló kọ èyí?"

"Obìnrin kan láti ọ́fíìsì oníṣirò. N kò tilẹ̀ wo orúkọ tó kọ."

"Verna Schirmer," ó kà á sókè. "Orúkọ ilé bàbá màmá mi nìyẹn. Bó ṣe máa ń kọ̀wé sára ìwé iléèwé mi nìyí."

Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tó fi pè mí ní ìyàwó. Ìyálé mi ló wá kí mi.

Dean lè gbé mi lọ sí kóòtù. Ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò lè mú wá kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Ó kàn béèrè pé, "Kí ló sọ nípa mi?"

"Ó ní nítorí tìẹ lòun ṣe wá."

Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. "Lọ́yà sọ fún mi," ó ní, "pé tó bá dọ́wọ́ mi, ìjọba máa gba owó orí lára rẹ̀, tó bá dọ́wọ́ yín wọn ò ní mú kọ́bọ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi."

Kí oṣù tó parí, ó ti bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ń gbé ẹran àgùntàn yíyan wá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, "Màmá" ló sì ń pè mí báyìí.

Lọ́jọ́ kan mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kosta fún ọjọ́ ìwé yẹn.

"Ọjọ́ yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀. Afọ́jú ni Lindsay, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ gbéra fúnra ẹ̀, ó bọ́ sórí ìlà gẹ́lẹ́."

Títí dòní, tí mo bá ń dúpẹ́ kí n tó jẹun, orúkọ mẹ́ta ni mo máa ń dá: Lindsay, Dean, Verna. Ẹ̀kẹta ni mo máa ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí n kò mọ bó ṣe sún mọ́ mi tó.