Ohun Tó Mì Nínú Koríko

Ọ̀sán Sátidé ni. Télọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kíkankíkan, kó lè parí ẹ̀wù tí oníbàárà rẹ̀ kan ń bọ̀ wá gbé nírọ̀lẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ wà ní títì. Pákó fẹ̀yìn ti ògiri, ìyẹ̀fun igi sì bo ilẹ̀. Káfíńtà kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ọjọ́ tí òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ máa ń wọgbó nìyẹn.

Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ọdẹ jẹun o. Pákó ló ń bọ́ Káfíńtà, ọkọ̀ àwọn ènìyàn sì ni àbúrò ń tún ṣe. Igbó ni wọ́n fi ń najú, bí àwọn mìíràn ṣe ń fi bọ́ọ̀lù najú. Àbúrò náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń de ẹrù mọ́ alùpùpù, Télọ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ṣé wọn ò ní wọ́n ti ti igbó ni? Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní àwọn ẹran ń bímọ lọ́wọ́, kí ọdẹ sinmi díẹ̀."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ṣé rédíò ló máa wá mú mi nínú igbó ni? A ò ní pẹ́."

"Apá ibo lẹ tiẹ̀ ń lọ?"

"Igbó ni. Àbí o rò pé ọjà ni mò ń gbé ìbọn lọ?"

Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ti jókòó sẹ́yìn alùpùpù, ó wọ ẹ̀wù tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Tá a bá pẹran, tiyín ni itan."

"Ẹran tó ṣì ń jẹko lẹ ti ń pín!" Télọ̀ sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Wọn kì í dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yà á lẹ́nu nígbà tó gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́yìn ilé. Kí ló gbé wọn gba ẹ̀yìnkùlé? Ó dìde, ó gba inú ilé kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ rí. Ẹ̀jẹ̀ ti bo àyà ẹ̀wù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn alùpùpù, bẹ́líìtì ni Káfíńtà fi dè é mọ́ ara rẹ̀ kó má bàa jábọ́.

"Má pariwo," Káfíńtà ní. "Mo bẹ̀ ọ́, má pariwo. Bá mi gbé e."

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní ní pálọ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ṣubú."

"Ó ṣubú lu kí ni?"

Télọ̀ tẹ̀ba, ó wo àbúrò rẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ń ti ibẹ̀ jáde. Ihò wẹ́wẹ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní èjìká rẹ̀, ní ìhà rẹ̀. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ mọ ihò. Èyí kì í ṣe ti ìṣubú.

"Ta ló yìnbọn fún un?"

"Èmi ni," Káfíńtà ní. Ohùn rẹ̀ kò jọ tirẹ̀ mọ́. "Koríko ló mì. Mo rò pé àgbọ̀nrín ni. Ìdí igi ńlá kan ni mo fi í sí. Mi ò mọ̀ pé ó ti kúrò níbẹ̀."

Télọ̀ di orí mú. Ọkọ rẹ̀ nìyí, àbúrò rẹ̀ nìyẹn. Èwo ni kó kọ́kọ́ sunkún fún?

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù!"

"Rárá! Gbé omi gbígbóná wá. Wá abẹ tuntun. Ọta wẹ́wẹ́ ni, mo lè yọ wọ́n. Tá a bá dé ọsibítù, wọ́n á ní ta ló yìnbọn. Wọ́n á pe ọlọ́pàá. Wọ́n ti ti igbó, ìyá àwọn ọmọ! Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n á jù mí sí. Ta ni yóò bá ọ tọ́ àwọn ọmọ?"

Ẹ̀rù ba Télọ̀ débi pé ó lọ sí ilé ìdáná lóòótọ́. Ó gbé omi kaná. Ó dúró tì í. Láti ibẹ̀, ó ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀ tó ń há, bíi pé omi wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fà á láṣọ. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí bọ̀dá yọ ọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mú wọn tìtorí mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló là á lójú. Ọmọ tó ń kú lọ ló ń gbèjà ẹni tó yìnbọn fún un!

"A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀wọ̀n ṣeé lọ kéèyàn bọ̀. Ọ̀run kò ṣeé lọ bọ̀."

Ó jáde. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ti obìnrin àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni. Káfíńtà sáré tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, ó gbá a lápá mú.

"Ìyá Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀? Òun gan-an? Ẹni tó máa mú mi lo fẹ́ lọ pè?"

"Òun ló lọ́kọ̀," Télọ̀ ní, ó sì já apá rẹ̀ gbà.

Ìyá Ẹ̀ṣọ́ kò béèrè ẹjọ́. Ó wọlé, ó wo Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Ẹ ò yọ nǹkan kan lára rẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa. Ẹ má yọ ọ́. Aṣọ tó mọ́ dà? Tẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká rẹ̀ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú, má sì gbọ́wọ́ kúrò. Ojú yẹn ńkọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má nù ún. Ẹ má fún un lómi. Ẹ gbé e jókòó díẹ̀ kó lè mí." Ó yíjú sí Káfíńtà. "Ìbọn ọ̀hún dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé, mo fi ti ògiri."

"Ọta wà nínú rẹ̀?"

Káfíńtà wolẹ̀. Kò lè sọ. Ìyá Ẹ̀ṣọ́ jáde fúnra rẹ̀, ó yọ ọta tó kù nínú ìbọn, ó sì tì í mọ́ inú àpótí ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ aládùúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ògiri yẹn.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Káfíńtà la ẹnu, ó ní, "Ó ṣub..." Télọ̀ wò ó. Ó tẹjú mọ́ ọn.

Dókítà sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́, èmi kì í ṣe adájọ́. Irú ìbọn wo ni? Ẹ ti jìnnà sí i tó? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Èyí ni mo máa fi mọ ibi tí mo ti máa wá ọta. Tí ẹ bá parọ́ fún mi, ara rẹ̀ ni mo máa fi wá òtítọ́."

Káfíńtà bú sẹ́kún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àwọn mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ẹ̀ṣọ́ ní, "Káfíńtà, kí lo rí?"

"Màmá, koríko ló mì."

"Mi ò béèrè ohun tó mì. Mo ní, kí lo rí?"

Káfíńtà ronú, ó ronú. Orí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan."

"O ò rí nǹkan kan, o wá yìnbọn. Atẹ́gùn lè mi koríko. Obìnrin tó ń ṣẹ́gi lè mì í. Ọmọ tó ń wá ewúrẹ́ lè mì í. Kí ọdẹ tó yìnbọn, ó gbọ́dọ̀ rí ẹran náà látòkèdélẹ̀, kó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà. Tí iyèméjì bá wà, má yìn ín. Ẹran tó bá lọ lónìí á tún wá."

Télọ̀ ní, "Màmá, ẹ̀bi ọmọ náà ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní kó dúró lójú kan."

"Ó ní tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi síbì kan kì í kúrò láìjẹ́ pé ó ké sí ẹnìkejì, kí ẹnìkejì sì dáhùn. Irú ẹ̀wù yẹn náà kọ́ là ń wọ̀. Aṣọ tó hàn ketekete là ń wọ̀ wọgbó, kí ojú ẹlẹgbẹ́ ẹni lè tètè bá a." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọ igbó tí wọ́n tì ni. Ẹni tó ń fara pa mọ́ kò ní sọ ibi tó ń lọ. Kò ní wọ aṣọ tó hàn. Tí ewu bá sì dé, kò ní lè ké gbà mí. Ṣé ẹ rò pé nítorí ẹran nìkan la ṣe ń ti igbó ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà jáde, ó bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ó máa yè. Ọta kan ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ká ní ẹ fi abẹ ilé yọ ọ́ ni, òkú lẹ ò bá gbé wá. Ṣùgbọ́n ojú òsì ti lọ. A ò rí i gbà là."

Télọ̀ kò pariwo. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ wọlé lọ wò ó.

Káfíńtà kò dúró kí wọ́n wá mú òun. Òun àti Ìyá Ẹ̀ṣọ́ ló jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ gba ìbọn rẹ̀ àti ìwé àṣẹ rẹ̀, ó sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù díẹ̀. Adájọ́ ní ìyà náà ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó sá, tàbí ká ní ó parọ́.

Àwọn oṣù wọ̀nyẹn kò rọrùn. Télọ̀ ń ránṣọ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ìyá tó bí i ń bínú sí i pé ó ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tó fọ́ ọmọ òun lójú. Télọ̀ fúnra rẹ̀ náà ń bínú sí ọkọ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó gbé oúnjẹ náà lọ, tó sì padà láìsọ ju "ẹ kú ìjókòó" lọ.

Nígbà tí Káfíńtà ti ẹ̀wọ̀n dé, kò lè jáde síta. Ìdí pákó ló ń jókòó sí, kò sì sí ohun tó ń kàn. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ yọ sí i nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú kan kì í jẹ́ kó mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọgbẹ́ ibi tí sípánà ti ń yẹ̀ lù ú.

Káfíńtà dojú bolẹ̀. Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá," Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní, "ẹ wò mí."

Káfíńtà kò gbójú sókè.

"Ẹ wò mí, bọ̀dá. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò wò mí. Ẹ wò mí lónìí."

Káfíńtà gbójú sókè, ó wò ó. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò. Ó wo àpá, ó wo ojú tó ti fọ́, ó wo èyí tó kù, títí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ fi fa àpótí kan, tó jókòó tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ, bó ṣe iṣẹ́ yín, bó ṣe ìnàjú, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Ohun tí ojú yín kò bá tíì rí dájú, ẹ má yìnbọn sí i. Nígbà tí wọ́n bá ti igbó, ẹ fi igbó sílẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ará ilé, ẹ wọ aṣọ tó hàn, kí ẹnikẹ́ni má sì kúrò níbi tí ẹ fi í sí láìké sí ẹnìkejì. Ẹ yọ ọta nínú ìbọn kí ẹ tó gbé e wálé, kí ẹ sì tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé ẹni tó fara pa lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà. Ọta ìbọn kì í gbọ́ "mo rò pé." Bó bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.