Ràzíátù, Ṣé Iṣẹ́ Ni àbí Ìkọ́ṣẹ́?

Àárọ̀ Sátidé kan ni, lọ́dún 1993, ní Krofrom nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Ìyá Ràzíátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń fi àkísà nu máṣíìnì ìránṣọ ọmọ rẹ̀. Ó nù ún títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irọ́ o. Ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì náà ni wọ́n ń retí.

Àǹtí Evelyn, tíṣà tó ń gbé ní Fante New Town, ló kọ́kọ́ dé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé fún Ràzíátù rán ló wá gbà.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ràzíátù. Ṣé máṣíìnì bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. A fẹ́ tà á ni. Alihamudulilahi, ọmọ mi ti ríṣẹ́ ńlá!"

Ràzíátù jáde látinú yàrá, ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga, ó rẹwà, òun náà sì mọ̀ pé òun rẹwà. Ó ní òwú lòun lọ rà ní Adum, láàárín ìlú, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mísítà Jacob fi dá òun dúró, tó fi Yorùbá kí òun. Ọkùnrin náà ní iléeṣẹ́ òun ń wá mọ́dẹ́ẹ̀lì, àwọn tí wọ́n ń wọ aṣọ tuntun kí wọ́n lè yà wọ́n ní fọ́tò fún ìpolówó, àti pé irú Ràzíátù gan-an ni wọ́n ń dúró dè ní Abidjan.

"A ti san owó fọ́tò, ó sì ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn," ni ìyá rẹ̀ fi kún un. "Ó ku owó ìkọ́ṣẹ́, òun la fẹ́ torí rẹ̀ ta máṣíìnì. Ó ní bí a ò bá mú un wá lónìí, òun á gbé àyè náà fún ẹlòmíì."

Àǹtí Evelyn gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ràzíátù, ṣé iṣẹ́ ló fún ọ ni àbí ìkọ́ṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Ó ní wọ́n ti gbà mí."

"Ta wá ni kó sanwó fún ta?"

Ìyá Ràzíátù bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Àǹtí! Ṣebí Kumasi lẹ̀yin náà ń gbé. Nígbà tó fẹ́ kọ́ aṣọ rírán, ṣé a ò gbé owó àti mínírà lọ fún mádáàmù rẹ̀ ni? Ọ̀gá wo ló ń gba ọmọṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ibí yìí gan-an ni ọ̀gbẹ́ni náà ti mú wọn. Ó mọ̀ pé ìdílé tó bá fẹ́ fi ọmọ síṣẹ́ ọwọ́ níbí á kọ́kọ́ sanwó fún ọ̀gá, ló bá fún jìbìtì rẹ̀ ní orúkọ tí kò lè já wọn láyà. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó sì ń bí mi di òní.

"Ìyá Ràzíátù," ni Àǹtí Evelyn wí, "ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́, òun ni wọ́n ń sanwó fún. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, iléeṣẹ́ aláṣọ kan ya fọ́tò mi sórí kàlẹ́ńdà. Wọn ò gba pẹ́sẹ́wà kan lọ́wọ́ mi. Àwọn ni wọ́n fún mi láṣọ wọ̀, àwọn náà ni wọ́n sanwó fún mi."

Ràzíátù fajú ro. "Àǹtí, ẹ̀yin ti ṣe tiyín. Ṣé torí pé tèmi ò ní parí sórí kàlẹ́ńdà lẹ ṣe fẹ́ dí mi lọ́nà?"

"Ràzíátù!" ni ìyá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn.

Ó dun Àǹtí Evelyn, ṣùgbọ́n kò bínú lọ. "Ẹ jẹ́ kó sọ tinú ẹ̀. Ó dáa, wọ bàtà rẹ ká lọ. Sọ fún un pé kó yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá fún ọ. Bó bá gbà, èmi fúnra mi ni màá bá yín gbé máṣíìnì yìí lọ tà."

Ràzíátù wọ bàtà rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ tirotiro, ọkọ̀ èrò ibẹ̀, ó di Adum.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Mísítà Jacob wà. Ó sáré dìde, ó tẹrí ba fún ìyá. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ẹ ti mú owó náà wá?"

"Mepa wo kyɛw, sà," ni Ràzíátù bẹ̀ ẹ́ ní Twi, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "ẹ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi àkọ́kọ́."

"Wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí ẹ ní wọ́n ń dúró dè mí. Ṣé wọn ò ní sanwó fún mi ni?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "O ti tọwọ́ bọ̀wé! Bí o bá yẹ àdéhùn, màá fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́!"

Ìyá Ràzíátù ti ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Ràzíátù fà á dìde. "Màámi, ẹ má bẹ̀ ẹ́." Ó kọjú sí ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n mọ́. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá ọlọ́pàá nísinsìnyí. Ẹ kó fọ́tò mi fún mi ká máa lọ."

Mísítà Jacob ju fọ́tò náà sórí tábìlì. Owó tí wọ́n ti san tẹ́lẹ̀ kò dá a padà.

Omi ti lé sójú Ràzíátù bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ló ti bá Akosua pàdé, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ kọ́ aṣọ rírán, ó fún báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ojú ti Ràzíátù. Ì bá kọjá lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ọ̀nà.

"Akosua, nkɔ! Má lọ síbẹ̀! Ṣé iṣẹ́ ló ní òun fún ọ? Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìwọ lò ń sanwó?"

Akosua dúró, ó sì yí padà. Gbogbo wọn ló jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa dé Adum, Mísítà Jacob ti ti ilẹ̀kùn, ó ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nílé, Ràzíátù kúnlẹ̀ fún Àǹtí Evelyn. "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́. Aṣọ mi ńkọ́?"

Wọ́n dá ẹni tó wá ra máṣíìnì padà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, máṣíìnì ń dún.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ wa, ojúlówó iléeṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì wà, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fún yín níṣẹ́. Ẹni tó bá ní àfi kẹ́ ẹ san án lónìí, kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí àyè béèrè ni. Bẹ́ ẹ bá ti san díẹ̀, ẹ má tìtorí kí ti àkọ́kọ́ má baà gbé san ìyókù. Ẹ gba fọ́tò yín, ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì sọ fún ará àdúgbò láìtijú. Mísítà Jacob á ti ní orúkọ mìíràn báyìí, ní ìlú mìíràn. Bó bá dá ọmọ yín dúró, tó ní òun ti gbà á síṣẹ́, kí ọmọ náà bi í léèrè: ta ni kó sanwó fún ta?