Wàrà Tí A Kò Sè

Òjò ti rin ọkùnrin náà gbingbin, bàtà rọ́bà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó sì gbá ike kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọmọbìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ní láàbù, tí gbogbo ọsibítù ń pè ní Ìyá Kòkòrò, gbójú sókè. Kò mọ ohun tí kò jẹ́ kí òun lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ìgbẹ́ àbúrò mi obìnrin ni," ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà."

"Ẹ gbé e fún mi. Ẹ má dì í mú báyẹn, kò ní sá lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún fà ro.

Ìyá Kòkòrò gbin díẹ̀ lára ìgbẹ́ náà sínú abọ́ pẹlẹbẹ, kí kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ lè hù. Kòkòrò tó hù níbẹ̀ ń tu oró, oró náà sì ti dé kíndìnrín aláìsàn. Nígbà tó gbọ́ pé màlúù ni ìdílé ọkùnrin náà ń sìn, ó lọ bu ìgbẹ́ àwọn ẹran náà wá yẹ̀ wò. Ara àwọn màlúù náà dá ṣáṣá, àmọ́ kòkòrò kan náà ló wà nínú wọn, ó sì wà nínú wàrà tí ìyá ọkùnrin náà ń fún aláìsàn náà mu láìsè.

Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń wá, títí ìfẹ́ fi wọ àárín wọn.

"Ṣé èmi lo wá wò ni àbí èsì àyẹ̀wò?"

"Èsì kì í rẹ́rìn-ín sí mi."

Àbúrò náà kú. Ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ pé wàrà ló fà á, kò jẹun mọ́.

"Olólùfẹ́ mi, bá mi sọ fún màmá pé kì í ṣe wàrà," ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀bi yìí á pa á."

"Àwọn aládùúgbò ṣì ń ra wàrà yẹn. Mi ò lè purọ́."

"Ó dáa. Ìwọ àti òótọ́ rẹ, ẹ máa gbé pọ̀."

Kò wá mọ́. Bí ilẹ̀kùn láàbù bá ti dún, Ìyá Kòkòrò á yíjú, ọkàn rẹ̀ á sì tún rẹ̀wẹ̀sì.

Ní òwúrọ̀ kan, ìyá náà fúnra rẹ̀ wọlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀lé e. Ìyá náà ti gbẹ bí igi.

"Ká ní mo se wàrà náà ńkọ́?"

"Màmá—" ọkùnrin náà fẹ́ dá sí i.

"Dákẹ́! Òun ni mo bi léèrè."

Omi lé ròrò sójú Ìyá Kòkòrò. "Kì bá tí kú, mà. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí kòkòrò náà. Màlúù yín kò ṣàìsàn, wàrà náà kò sì kan. Ohun tó dára jù lọ́wọ́ yín lẹ fún un."

Ìyá náà sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. "Gbogbo ayé ń sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó. Àkókò wo? Ìwọ nìkan ni o kò tàn mí bí ọmọdé." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé nítorí tèmi lo fi fi eléyìí sílẹ̀? O gọ̀ o."

Ó jáde, ó lọ dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dárí jì mí," ọkùnrin náà wí.

"Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀. Ilé wa kò dùn mọ́, bóyá kò sì ní dùn bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó o jẹ́ ìyàwó mi."

Ìyá Kòkòrò bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ti ọkùnrin náà.

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n màmá ti dúró pẹ́. Jẹ́ ká mú wọn lọ sílé."

Wọ́n fi ìyá náà sáàárín, wọ́n rọra ń lọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè yá.