Ẹrù Ìyàwó Tó Wọ Inú Àpò Kan

Àyọ̀ká, àbúrò Ọmọ́yẹmí, ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Ìṣojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1979, nígbà ìjọba sósíálísì, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì, bàbá wọn, ará Ṣábẹ̀, ń ta àpò, bàtà àti ìbora ní àdúgbò Zongo, ní ìlú Parakou. Ọmọ́yẹmí ló ń bá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ará Kétu kan wọlé, Ládépọ̀ lórúkọ rẹ̀. Ìjọba ní kó máa fẹsẹ̀ rin àwọn abúlé orí òkè Atakora, kó máa gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ó kó ìkòkò irin, fìtílà ńlá, bàtà tuntun àti ìbora méjì jọ.

"Kámárádì, ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣí ilé oúnjẹ lórí òkè ni?" Ọmọ́yẹmí bi í.

Ládépọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi yàn án, ìyá oníṣọ́ọ̀bù."

Ọmọ́yẹmí dá ìkòkò àti ìbora kan padà. Ó fi tọ́ọ̀ṣì rọ́pò fìtílà, ó fi ike omi kún un. "Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan wọ bàtà yìí nílé, kí ẹsẹ̀ yín má baà léròrò. Ohun tí ẹ kò ní lò lójoojúmọ́, ẹ má gbé e."

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ó padà wá fi ẹsẹ̀ hàn án. Kò léròrò. Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yà.

"Olólùfẹ́ mi," ó wí lọ́jọ́ kan, "àpò yẹn kò wúwo. Ìwọ tí mo fi sílẹ̀ ní Parakou ló wúwo lọ́kàn mi."

Inú bí bàbá nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. "Ọkùnrin tó gbé ilé rẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbín!"

"Bàbá, bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Mo ń tẹ̀ lé e."

"Ó dáa. Kí pásítọ̀ so yín pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í jáde nílé wa láìsí ẹrù. Ibi tí àpótí méjì àti ogún abọ́ tánganran kò bá lè dé, ọmọ mi kò ní dé ibẹ̀." Ó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í gun òkè náà. Ìrìn ẹsẹ̀ ọjọ́ méjì ni.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí ẹbí pé láti wo ẹrù, Ọmọ́yẹmí gbé àpò kan jáde, ó sì tú u sílẹ̀ lójú gbogbo wọn: ìbora kan, ike omi, tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ, iyọ̀, aṣọ méjì.

"Ẹrù ìyàwó mi rèé."

"Ìtìjú!" ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ké. "Kí la ó sọ ní Ṣábẹ̀?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín mọ ẹrù yàn."

Ọmọ́yẹmí kó ẹrù padà sínú àpò, ó gbé e kọ́ èjìká. Bàbá dìde. "Gbogbo wa rò pé yóò gbá a létí," Àyọ̀ká wí. Bàbá di okùn àpò mú, ó sì dín in kù ní apá òsì.

"Ó gùn jù. Á dùn ọ́ léjìká."

Ó gbé ojú sí ògiri.

Ọmọ́yẹmí di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Àyọ̀ká pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́. Ṣùgbọ́n bàtà tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan wọ̀ nílé ń gbé e lọ geere lórí erùpẹ̀ pupa, kò sì wẹ̀yìn.