Làkúrègbé Ìdílé Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bu búrẹ́dì àdéhùn ìgbéyàwó Zebiniso ní ìlú Marghilan, ìyá rẹ̀, Muqaddas, ló fúnra rẹ̀ bu tíì fún àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sanobar, ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá ọkọ ìyàwó, tẹjú mọ́ ìka ọwọ́ Muqaddas tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín, ìyá Zebiniso?"

Muqaddas ní làkúrègbé ni, ó ti di ọdún mọ́kànlá.

"Ìyá tó bí yín ńkọ́?"

"Ó ṣe òun náà."

Sanobar dá búrẹ́dì padà sínú aṣọ tí wọ́n fi wé e wá láìbù ú. Ó ní ilé àwọn ò ní gbé àrùn ìdílé wọlé. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ Elbek ọmọ àwọn, kí wọ́n mú ìwé wá láti ilé àyẹ̀wò pé ẹ̀jẹ̀ Zebiniso mọ́.

Inú bí Muqaddas débi pé kò lè sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ yìí ló fi hun aṣọ sẹ́dà tí àìmọye ìyàwó àdúgbò wọ̀ lọ sílé ọkọ. Òun ni wọ́n wá ń wò bí ẹni ń wo ẹran tó ti rà? Síbẹ̀, abiyamọ ni. Lọ́jọ́ kejì ó mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Dókítà Hurriyat nílé ìwòsàn, ó ní kó bá àwọn kọ ìwé náà.

Nígbà tí dókítà gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n mú ìwé wá, ojú rẹ̀ le.

"Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bá yín kọ ọ́, irọ́ ló kọ. Lóòótọ́, ohun kan wà tí a máa ń jogún lára òbí, tó ń jẹ́ kí làkúrègbé yìí tètè rí ẹnì kan mú ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé e sára dọjọ́ ogbó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ó lè wà lára Sanobar fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn tí a ò tì ni. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí a ò tì lolè ń gbà wọlé."

Ó ní àrùn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣọ́ ara ló ń ṣìnà, tí wọ́n ń gbógun ti oríkèé. Ó ní kí ẹni tó bá ní in nídìílé sá fún sìgá, torí sìgá a máa fi kún ewu rẹ̀ gan-an.

Ó wá bi Zebiniso bí ìka tirẹ̀ ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ọmọbìnrin náà dorí kodò. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìka òun ti ń wú, tí òun kì í lè de bọ́tìnì aṣọ òun títí oòrùn á fi gòkè.

"O ò sì sọ fún mi?" ni Muqaddas wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Màámà. Wọ́n á ní mo ti bàjẹ́."

Ìbínú mìíràn ru sókè nínú ìyá rẹ̀. Irú ìtìjú wo lèyí, tí ọmọ á fi jẹ́ kí ọwọ́ ara rẹ̀ rọ dípò kó lanu sọ̀rọ̀? Òun náà ti fi ọ̀rá àgùntàn pa ọwọ́ fún ọdún mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó mú un dé ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Zebiniso fún àyẹ̀wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, èsì ti fi hàn pé làkúrègbé ló ṣe é, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Muqaddas gba ilé Sanobar lọ, ó bá òun àtàwọn aládùúgbò nídìí ààrò búrẹ́dì. Kò jókòó.

"A ò mú ìwé kankan wá. Làkúrègbé ti mú ọmọ mi, ó sì ń tọ́jú ara rẹ̀. Bó bá ṣe tiyín ni, à bá ṣì máa fi í pamọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi wọ́ bíi tèmi."

Ó yí padà, ó gba ilé lọ. Sanobar fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn fún Elbek. Ọdún kan àbọ̀ ti kọjá, ìka Zebiniso ṣì gún, òun ló sì ń hun sẹ́dà lórí òfì ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí oríkèé ìka yín bá ń wú, tó ń gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láràárọ̀, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn, pàápàá bí òbí yín bá ní làkúrègbé. Oògùn tí a tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń gba oríkèé là. Ẹ jìnnà sí sìgá. Ẹ má gba ìwé "ẹ̀jẹ̀ mímọ́" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì kọ ọmọlọ́mọ nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ẹ bi í pé: ta ni kò jogún nǹkan kan?