Nọ́ńbà Karùn-ún

Táyà mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọwọ́ Ọ̀gá Táyà ka márùn-ún.

Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú lápá òsì gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe. Inú táyà kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe gbóná tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, méjì kì í jọ ara wọn. Àkọ́kọ́ dáhùn. Ìkejì dáhùn. Ìkẹta àti ìkẹrin náà dáhùn, afẹ́fẹ́ wọn pé, ara wọn gbóná nítorí oòrùn ọ̀sán. Kó tó gbé ọwọ́ kúrò, ìkarùn-ún yọ lójú ẹ̀rọ, bí ẹni tó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí i?"

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló ń béèrè. Aránṣọ ni, òun ló ni ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé dáadáa, kò sì sí níta. "Iná ìkìlọ̀ táyà yẹn ń tàn lójú mi láti àárọ̀. Mo ti ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà níbòmíì, iná ò kú."

"Fún mi níṣẹ́jú kan."

Ó tó ọdún méjì tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọn ò jà o. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ ni Ọ̀gá Táyà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹbí. Wọ́n á pè, kò ní gbé e. Wọ́n á wá, á ní iṣẹ́ wọ òun lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Ilé ku òun nìkan, ṣọ́ọ̀bù ku òun nìkan, ó wá di pé àwọn oníbàárà nìkan ló ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ táyà náà sì ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀rọ yẹn lè gbọ́ sẹ́ńsọ̀ táyà mìíràn tó bá wà nítòsí, nítorí náà ó kó gbogbo táyà tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sọdá sí òdìkejì títì. Òógùn bò ó. Ó padà wá tẹ̀ ẹ́. Ìkarùn-ún ò lọ.

Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka nọ́ńbà náà dáadáa. Kò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sẹ́ńsọ̀ yẹn sínú táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ ìyàwó rẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Irú iná yìí tàn fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Ọ̀gá Táyà ò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo táyà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ táyà máa ń sọ nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n, òun ló sọ fún un: "Sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́. Máa lọ." Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ nìyẹn," ló wí, ó sì wakọ̀ lọ. Táyà náà bẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Méjìlélọ́gbọ̀n ni afẹ́fẹ́ nọ́ńbà karùn-ún. Ó tún wò ó, ó ti di ọgbọ̀n.

"Má tíì wa ọkọ̀ yìí lọ síbì kankan," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ojú ọ̀nà ló ń dúró de aṣọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn o!"

 Ọ̀gá Táyà gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ó tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó rì wọ́n sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ò hó rárá, kò síbi tó ń jò. Bó ṣe dè wọ́n padà, iná dáṣíbọ̀ọ̀dù kú fúnra rẹ̀.

Aránṣọ ò tètè wọ ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

  Aránṣọ bá wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ọ̀gá Táyà wo ẹ̀rọ. Ìkarùn-ún ò bá ọkọ̀ lọ. Méjìlélógún. Ó lọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà bá a lọ. Ó jáde sí títì, ó bá a jáde. Ó wá wo ìgbóná rẹ̀: mẹ́tàdínlógójì. Ìgbóná ara èèyàn nìyẹn. Ó rọra gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ àyà ara rẹ̀, ó sì rí i pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gbọ́ sẹ́ńsọ̀ náà jù.

Láti àárọ̀ ni apá òsì rẹ̀ ti ń wúwo, tí nǹkan sì ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Jáàkì ló dá lẹ́bi. Ó ya ẹnu láti sọ pé sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́, kò lè sọ ọ́ mọ́.

Ká má parọ́, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó ní ìyàwó òun ló wá mú òun. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé ẹ̀rọ lé itan, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Méjìdínlógún. Mẹ́rìndínlógún. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí i lọ́kàn: ẹni tó fẹ́ kéèyàn kú kì í tan iná ìkìlọ̀ fún un. Ẹ̀rù bà á nígbà náà, ẹ̀rù gidi, ó sì fẹ́ pe ẹnì kan. Kò rántí nọ́ńbà ẹnì kankan.

Ọkọ̀ dúró níta.

"Bí mo ṣe yà ní kọ́nà ni iná yẹn tún tàn!" Aránṣọ ti wọlé, inú ń bí i. "Táyà wo gan-an ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀gá Táyà fi ẹ̀rọ náà sí i lọ́wọ́, ó fa ọwọ́ ọ̀hún mọ́ àyà ara rẹ̀.

"Èyí ni."

Obìnrin náà wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú Ọ̀gá Táyà tó ń làágùn.  Ó fi apá Ọ̀gá Táyà kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó gbé e dìde, wọ́n sì dojú kọ ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Wúyẹ́wúyẹ́ ló ń ka iye tó wà lójú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbẹ́sẹ̀. Mẹ́jọ."